Ilé géèmù kò jẹ́ ká mọ RPG, géèmù oníìtàn gígùn tí èèyàn ti ń ṣe akọni. Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ẹ sọ tiyín

Ọmọ Ṣàgámù:

Àwa tí a dàgbà sí Rẹ́mọ nígbà tí PlayStation àkọ́kọ́ gbòde, a mọ Tekken 3 (géèmù ìjà) àti Winning Eleven (géèmù bọ́ọ̀lù) dunjú. Ta ló gbọ́ Final Fantasy VII, tó jẹ́ RPG, nínú wa nígbà yẹn? Ẹ̀rọ kan náà ni, 1997 ló sì ti jáde. Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn, ilé géèmù ló fà á.

Ní èyí tí a ń lọ ní Sábó, ìdíje kọ̀ọ̀kan la ń sanwó fún. Ẹni tí wọ́n bá nà á dìde, ẹni tó kàn á jókòó. Ìjà Tekken ò gba ìṣẹ́jú márùn-ún, pàápàá tí ọmọdé kan bá mú Eddy, oníjà tó ń fi ẹsẹ̀ jà, tó dijú, tó ń tẹ bọ́tìnnì ẹsẹ̀ ṣáá (á tún borí, ìyẹn ló ń dunni jù). Irú ọ̀gá wo ló máa wá fi tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ máa ka ọ̀rọ̀, tó ń bá ará abúlé inú géèmù tàkúrọ̀sọ, tó ń ra oògùn, tó ń ronú idà tó máa mú? CD mẹ́ta ni géèmù ọ̀hún. Mẹ́mọ́rì kádì (ohun tí a fi ń tọ́jú ibi tí a bá géèmù dé) kan ṣoṣo ló sì wà ní ṣọ́ọ̀bù, àyè 15 ló wà nínú rẹ̀, bọ́ọ̀lù ti gba gbogbo ẹ̀. Tí wọ́n bá mú iná, ìrìn àjò rẹ ti di òfo nìyẹn.

Ìgbà tí mo di òṣìṣẹ́ ni mo tó rà á sórí fóònù. Ó ti gbó lóòótọ́: ọwọ́ Cloud, akọni inú rẹ̀, ò ní ìka. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n pa Aerith, ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá a rìn, tí gbogbo agbára tí mo ti ń kó jọ fún un bá a lọ, ńṣe ni mo pa fóònù, mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nínú Tekken, òkú á dìde ní ráùn kejì. Lẹ́yìn náà ni mo dán èyí tí wọ́n tún un ṣe ní 2020 wò. Àwòrán rẹ̀ dán, àmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn náà nìkan, ti ìlú Midgar, ni wọ́n fà gùn di odindi géèmù. Èmi ṣì fẹ́ràn àgbà yẹn jù.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde:

Àbúrò, kí PlayStation tó dé, àwa ti ń fẹ́ atẹ́gùn sídìí kásẹ́ẹ̀tì géèmù. Atẹ́gùn yẹn ò ṣe nǹkan kan o. Yíyọ tí a yọ ọ́, tí a tún un kì bọ̀, ló ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Itọ́ wa kàn ń ba irin rẹ̀ jẹ́ ni. Tí Iléyá bá dé, tí àwọn ọmọ Èkó wálé de Ojúde Ọba, Contra, géèmù oníbọn, ló kù. Kóòdù kan wà tí a ń tẹ̀ lórí pádì: òkè òkè, ìsàlẹ̀ ìsàlẹ̀, òsì ọ̀tún, òsì ọ̀tún, B, A, ẹ̀mí mẹ́ta á di 30. Ọmọ tó bá mọ̀ ọ́n lórí, kò sẹ́ni tó lè bá a sọ̀rọ̀ ní àdúgbò.

Iléyá tó kọjá, mo tàn án fún àwọn ọmọ mi láìlo kóòdù. Ìpele àkọ́kọ́ ni wọ́n ti pa wá tán. Géèmù yẹn ò gùn rárá. Ẹni tó gbówọ́ lórí rẹ̀ á parí rẹ̀ láàárín ìdajì wákàtí. Ikú ni wọ́n fi sọ ọ́ di gígùn.

Ìbọn Duck Hunt, géèmù tí a ti ń yìnbọn fún pẹ́pẹ́yẹ inú tẹlifíṣọ̀n, ní tirẹ̀ ò tilẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́ lára tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ. Ojú kan wà lẹ́nu ìbọn náà. Tó o bá yìn ín, tẹlifíṣọ̀n á ṣókùnkùn fírí, ibi tí pẹ́pẹ́yẹ wà nìkan á funfun, ìbọn á sì rí i. Tẹlifíṣọ̀n ayé ìsinsìnyí máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó gbé àwòrán jáde, ìbọn á ti wò ó tán. Àwọn ọmọ ní irọ́ ni mò ń pa, pé kò ṣiṣẹ́ rí.

Ìyàwó Ìjẹ̀bú-Igbó:

Ẹ̀yin bọ̀dá ń jà, èmi ń dáko. Stardew Valley ni tèmi, ó wà lórí fóònù. Ẹnì kan ṣoṣo, Eric Barone, ló ṣe é, ó jáde ní 2016. Oko bàbá àgbà lo jogún: wàá gbin nǹkan, wàá pẹja, wàá wọ ihò lọ bá ẹbora jà, wàá sì fẹ́ ẹni tó wù ọ́ nínú ìlú. Ọjọ́ 28 ni ìgbà kọ̀ọ̀kan nínú ọdún ibẹ̀. Tí ìgbà bá yí, ohun ọ̀gbìn tí kò bá ìgbà tuntun mu á kú.

Mo fi han ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ń ṣe gàrí. Wọ́n ní kí ni mo gbìn tó gbó lọ́jọ́ mẹ́rin? Mo ní parsnip, gbòǹgbò òyìnbó kan bíi kárọ́ọ̀tì. Wọ́n wò mí títí. Pákí tiwọn ń sún mọ́ ọdún kan nílẹ̀! Láti ìgbà náà, tí wọ́n bá ti rí fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n á béèrè bóyá òjò ti rọ̀ lóko òyìnbó. Ó sì máa ń rọ̀ o. Ọjọ́ tó bá rọ̀, n kì í bomi rin.

Ọmọ Ìpẹ́rú:

Ẹ kú ìrántí o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. RPG ló wà lọ́wọ́ tèmi, Baldur's Gate 3, èyí tí Larian ti Bẹ́ljíọ̀mù gbé jáde ní 2023. 150GB ni àyè tó ń fẹ́. Gbogbo fíìmù orí kọ̀ǹpútà mi ni mo pa rẹ́. Dátà tó jẹ, ẹ má bi mí.

Ẹ̀gbọ́n Ṣàgámù, ilé géèmù gba RPG o, tí kò bá ti sí ẹni tó ń ka ìṣẹ́jú. Yàrá mi ti di ọ̀kan. Pádì kan ṣoṣo, àmọ́ gbogbo wa la jọ ń dìbò ohun tí a máa sọ. Dáìsì olójú 20 ló ń pinnu bóyá ọ̀rọ̀ rẹ á wọlé. Lae'zel, jagunjagun kan nínú géèmù náà, há sínú àgò, àwọn méjì dúró tì í, wọ́n fẹ́ pa á. A jiyàn títí, a gbà pé ká fi ọ̀rọ̀ ẹnu lé wọn lọ. Mo ju dáìsì, 1 ló já sí. Tó bá ti jẹ́ 1, bí o tilẹ̀ mọ̀rọ̀ọ́ sọ bí alága ìjókòó, o ti pàdánù nìyẹn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi fò dìde, ó ní orí mi ò dáa. Ó ní òun ò ní bá mi dá sí i mọ́, àfi tí òun bá ń ju dáìsì fúnra òun. Mo ti gbà fún un. Èmi ló wá kù tó ń ka ọ̀rọ̀ jáde fún gbogbo wọn.