Ìka ló ń kú tipiri, ibòmíràn ni wàhálà wà

Aránṣọ, Òṣogbo:
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ìparí ọdún ni, aṣọ ẹbí kún ṣọ́ọ̀bù. Láàárín òru ni ọwọ́ ọ̀tún mi máa ń jí mi: àtàǹpàkò, ìka ìfábẹ̀là àti ìka àárín á kú tipiri, á wá dà bíi pé èèrà ń rìn nínú wọn. Ìyá ọkọ mi ń fi òrí ra ìka náà lálaalẹ́ (Ọlọ́run á bá wa dá wọn sí), kò gbọ́. Ọjọ́ tí àlùmọ́gàjí bọ́ lọ́wọ́ mi sórí léèsì oníbàárà ni mo gba ọsibítù lọ.

Obìnrin tó yẹ̀ mí wò kò tilẹ̀ wo àwọn ìka náà. Ó ní, "Ọmọdinrín ńkọ́, ṣé òun náà ń kú?" Mo ní rárá. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹ̀yìn ọwọ́, kí ìka dorí kodò, kí n má tú u fún ìṣẹ́jú 1. Kò tó ààbọ̀ tí èèrà fi dé!

Ẹ wo ibi tí a ń ki okùn gbà ní ìbàdí ṣòkòtò. Irú rẹ̀ wà ní ọrùn ọwọ́: eegun wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀, iṣan fífẹ̀ tó le lókè. Okùn iṣan 9 tó ń ká ìka ló gba ibẹ̀, iṣan ìmọ̀lára kan tí kò dé ọmọdinrín há sáàárín wọn. Bí ibẹ̀ bá wú pẹ́nrẹ́n, iṣan ìmọ̀lára yẹn ló ń jìyà. Wọ́n fún mi ní ohun tí mo ń dè sùn kí ọrùn ọwọ́ má bàa tẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo tó sùn mọ́jú.

Dírẹ́bà, Ìbàdàn:
Tèmi yàtọ̀ o. Ọmọdinrín òsì àti ìdajì ìka tó tẹ̀ lé e ni. Ìdajì gan-an, ẹ má rẹ́rìn-ín: ẹ̀gbẹ́ kan ń mọ nǹkan, ìkejì kò mọ̀ ọ́n. Dókítà gbá inú ìgúnpá mi pẹ́rẹ́, ó ta mí bí iná dé ìka. Iṣan ìmọ̀lára kan gba ẹ̀yìn eegun ibẹ̀, bóyá awọ nìkan ló bò ó, èmi sì ti gbé e lé fèrèsé ọkọ̀ láti Ìwó Road dé Ọ̀jọ́ọ̀ fún ọdún 11! Ó ní kí n máa wé táwẹ̀lì mọ́ ọn sùn, kí n má bàa ká a. Tòru rọrùn. Tinú ọkọ̀ ló le, kọ̀ndọ́ ló ń ké sí mi látẹ̀yìn, "Ọ̀gá, ìgúnpá!"