Èéfín iná igbó: ìgbà wo ni kí n ṣí fèrèsé?

Ó di ọjọ́ kẹfà báyìí tí èéfín iná igbó ti bo agbègbè wa, ọmọ mi tó ní asthma kò sì rí oorun sùn mọ́. Mo ti ti gbogbo fèrèsé pa, mo fi aṣọ tútù dí abẹ́ ilẹ̀kùn, mo sì so asẹ́ afẹ́fẹ́ MERV 13, irú tó ń gba eruku kéékèèké dúró, mọ́ ẹ̀yìn fáànù, èyí tó mú kí òǹkà PM2.5, ìyẹn àwọn ègé tíntìntín tó ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ, já wálẹ̀ láti 140 sí 38 nínú yàrá. Láti àná ni kò ti kúrò lójú kan náà, nígbà tí 15 jẹ́ òdiwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ fún wákàtí 24. Ooru yàrá náà sì ti ń fẹ́ di ìṣòro mìíràn fúnra rẹ̀.

Lóru, ẹ̀rọ kékeré tí mo gbé síta máa ń ka nǹkan bí 45, ṣùgbọ́n ibùdó tí ìjọba fi ń wọn afẹ́fẹ́, tó jìnnà sí wa díẹ̀, ń ka 90 ní wákàtí kan náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti la irú èyí kọjá, èwo nínú òǹkà méjèèjì ni kí n tẹ̀ lé, iye wo ni ti ìta sì gbọ́dọ̀ wálẹ̀ dé kí n tó lè ṣí fèrèsé láìpa ọmọ náà lára?