Jàǹbá ọkọ̀ ní Georgia: ọdún méjì ti ń pé bọ̀, ẹ gbà mí o!

Àdùkẹ́ Maryland: Ẹ̀yin ará ilé, ta ló mọ̀ nípa ẹjọ́ jàǹbá ọkọ̀? A ń ti ìgbéyàwó bọ̀ ní Atlanta ni ẹnì kan kọlù wá látẹ̀yìn. Títí dòní, ẹ̀yìn ń dùn mí. Ìnṣọ́ránsì ẹni yẹn kàn ń sọ pé kí n ní sùúrù, wọ́n ń ṣe é lọ́wọ́. Àná ni ọ̀rẹ́ mi kan ní tí ọdún méjì bá fi lè pé tí n kò tíì gbé ẹjọ́ lọ kóòtù, ó parí nìyẹn. Oṣù tó ń bọ̀ ló ń pé! Ṣé kì í ṣe ọdún mẹ́ta ni?

Bọ̀dá Silver Spring: Ọdún mẹ́ta ni. Fọkàn balẹ̀, àbúrò.

Lánre Atlanta: Bọ̀dá, ẹ má kó bá wọn o! Maryland ni wọ́n ń gbé, Georgia ni wọ́n ti kọlù wọ́n. Ọdún 2 nibí fún ẹni tó fara pa. Ọkọ̀ tó bàjẹ́ nìkan ló ní ọdún 4.

Bọ̀dá Silver Spring: Ó dáa. Ṣebí ó ti kọ̀wé sí ìnṣọ́ránsì ná? Wọn ò lè sọ pé ó pẹ́ mọ́.

Ìyá Ìbejì Houston: Ohun tó sọ mí di ẹni tó ń fi owó ara ẹ̀ san gbèsè ọsibítù nìyẹn! Ọmọkùnrin ìnṣọ́ránsì tèmi mọ èèyàn kí. “Màmá, ó ku ìwé kan. Màmá, ó tún ku òmíràn.” Ọdún 2 náà ni Texas. Nígbà tó kọjá, mo pè é, ó ní wọ́n ti pa fáìlì mi dé. Ó tún bi mí léèrè àwọn ọmọ!

Káyọ̀dé Dallas: Ẹ̀bi yín kọ́ mà. Ó tàn yín jẹ ni.

Lánre Atlanta: Tàn wọ́n jẹ kẹ̀? Ta ló ń san owó oṣù ẹ̀? Ẹ lè máa bára yín sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ọjọ́ ń lọ. Àfi kí ìwé ẹjọ́ wọ kóòtù.

Káyọ̀dé Dallas: Ẹni tó mọ ọjọ́ tó máa pé, tó ń ní kí o ní sùúrù, irọ́ ló ń pa.

Ìyá Ìbejì Houston: Ọmọ mi, kò ní kí n má lọ kóòtù o. Kò ṣáà ní kí n lọ. Lọ́yà yẹ gbogbo ìwé wa wò, kò rí ibi tó ti purọ́.

Nọ́ọ̀sì Bronx: Àdùkẹ́, ọkọ̀ ta ni? Tó bá jẹ́ ti ìjọba, ọ̀tọ̀ ni tiẹ̀. Níbí, ọdún 3 ni, àmọ́ tó bá jẹ́ ọkọ̀ ìlú New York ló gbá ẹ, ọjọ́ 90 péré lo ní láti fi kọ̀wé sí wọn.

Lánre Atlanta: Oṣù 6 ni tàwọn ìlú ní Georgia.

Àdùkẹ́ Maryland: Ọkọ̀ aládàáni ni. Àmọ́ ọmọ mi náà wà lẹ́yìn ọkọ̀.

Lánre Atlanta: Ti ọmọ ò tíì bẹ̀rẹ̀, ó di ìgbà tó bá pé 18. Tiyín ló ń sáré. Ṣé ọlọ́pàá fún awakọ̀ yẹn ní tíkẹ́ẹ̀tì? Òfin ibí lè má ka àsìkò tí ẹjọ́ tíkẹ́ẹ̀tì yẹn fi wà nílẹ̀ mọ́ ọdún 2 yín. Ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé e, ẹlòmíì á ti san owó tíkẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹjọ́ yẹn á sì parí. Ẹ wá lọ́yà Georgia lọ́la. Ọ̀pọ̀ wọn kì í gbowó lọ́wọ́ yín ṣáájú, ìpín ni wọ́n ń mú nínú ohun tó bá jáde.

Káyọ̀dé Dallas: Àwa tiẹ̀ ti mọ̀ pé I-285 yín ní Atlanta kì í ṣe ọ̀nà. Ìjà ìgboro ni.

Lánre Atlanta: Ará Texas ń sọ̀rọ̀ ọ̀nà! Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń fi ọkọ̀ tó tó ilé sáré lórí I-45?

Nọ́ọ̀sì Bronx: Ẹ wá wọ ọkọ̀ ojú irin lọ́dọ̀ wa, ẹ yéé dààmú.

Bọ̀dá Silver Spring: Tó bá jẹ́ ilé ni, èrò á ti pé lé wọn lórí. Bàbá kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ rí á ní, “Ẹ fi ti Ọlọ́run ṣe é.” Kálukú á gba ilé ẹ̀ lọ.

Ìyá Ìbejì Houston: Ta ló máa wá san owó ẹ̀yìn tó ń dunni?

Bọ̀dá Silver Spring: Ẹ má bínú mà, bàbá yẹn ni àárò ẹ̀ ń sọ mí.

Nọ́ọ̀sì Bronx: Àdùkẹ́, tíkẹ́ẹ̀tì yẹn ńkọ́?

Káyọ̀dé Dallas: Ẹ jẹ́ kó sinmi. Bọ̀dá, ẹ má pe bàbá yẹn wá Atlanta o, wọ́n á kọlu òun náà.