Ojú mi mú nínú wíwá nǹkan, àmọ́ àdìtú point-and-click dá mi dúró: ṣé ọgbọ́n kan wà tí n kò mọ̀?

Olójú-Àṣá béèrè pé:

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń ṣe eré wíwá nǹkan tó fara pamọ́ lórí kọ̀ǹpútà, èyí tí wọ́n ń pè ní hidden object, mo sì lè sọ ọ́ láìṣe fáàárí pé ojú mi mú. Bí wọ́n bá da ọgọ́rùn-ún nǹkan sínú yàrá kan, tí wọ́n ní kí n wá méjìlá nínú wọn, kì í pẹ́ tí mo fi ń rí wọn tán, kódà bí wọ́n bá kun ọ̀bẹ ní àwọ̀ igi tí wọ́n sì tẹ́ ẹ mọ́ ara férémù wíńdò. Oṣù tó kọjá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dán eré point-and-click gidi wò, irú èyí tí akọni inú rẹ̀ ń rìn káàkiri, tó ń bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀, tó sì ń kó ẹrù sínú àpò. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí n kò wá fi àwọn tó ṣe é sùn.

Ibi tí mo bá a dé nìyí. Ilé kékeré kan wà létí odò, ẹ̀rọ tó ń fa omi wà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ náà kò sì ṣiṣẹ́. Nǹkan mẹ́sàn-án ló wà nínú àpò mi: àtùpà tí kò ní gíláàsì, ìgò òfìfo, ìwọ̀ ìpẹja, báàgì awọ kékeré kan tí mo yọ lára ìṣó nílé olùkọ́, àti márùn-ún mìíràn tí n kò ní fi yọ yín lẹ́nu. Mo ti fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kan gbogbo ohun tó ṣeé tẹ̀. Mo fi ìwọ̀ kan ẹ̀rọ, mo fi ìwọ̀ kan ilẹ̀kùn, mo fi ìwọ̀ kan ajá. Èsì kan ṣoṣo ni akọni náà ní, pé ìyẹn kò lè ṣiṣẹ́. Odindi ọjọ́ méjì ni mo fi gbọ́ gbólóhùn yìí.

Nínú eré tí mo mọ̀, bí nǹkan bá rú mi lójú, n ó tẹ bọ́tìnnì tó ń ta ni lólobó, yóò tan ìmọ́lẹ̀ yí ohun tí mò ń wá ká, n ó sì dúró kí bọ́tìnnì náà tún kún. Kò sí irú rẹ̀ níbí. Ṣé ọgbọ́n kan wà tí àwọn tó mọ eré yìí ń dá ni, àbí kí a ṣáà máa fi ohun gbogbo kan ohun gbogbo? Bí mo bá sì lọ ka àlàyé tí ẹlòmíràn kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ṣé a ṣì lè sọ pé èmi ni mo ṣe eré náà?

Àgbà-Eré dáhùn pé:

Ẹ kú ìrọ́jú, Olójú-Àṣá. Kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ yín lọ́gbọ́n, ọdún wo ni wọ́n ṣe eré náà? N kò béèrè orúkọ. Ọdún ló máa jẹ́ kí a mọ̀ bóyá ẹ̀yin ni ẹ kò tíì rí ìdáhùn, tàbí eré náà ti pa yín láti ọjọ́ pípẹ́ tí kò sì sọ fún yín.

Àwọn eré àtijọ́ kì í ṣàánú ẹni. Nínú Mystery House, tí Roberta Williams àti ọkọ rẹ̀ Ken ṣe fún kọ̀ǹpútà Apple II ní 1980, àwòrán wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ni a máa ń tẹ̀ kí nǹkan tó ṣẹlẹ̀, débi pé ènìyàn lè mọ ohun tó yẹ kó ṣe kó má mọ ọ̀rọ̀ tí eré ń retí. Maniac Mansion ti 1987 wà lára àwọn tó gba irú wàhálà bẹ́ẹ̀ kúrò lọ́rùn wa: wọ́n to àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe bíi “ṣí” àti “fún” sí ìsàlẹ̀, ẹ ó tẹ ọ̀kan, ẹ ó sì tẹ ohun tí ẹ fẹ́ fi í ṣe. Títẹ̀ dẹrùn, ṣùgbọ́n ìkà kò tíì kúrò nínú irú eré yìí. Ẹ wo King's Quest V, tó jáde ní 1990. Ológbò kan ń lé eku kan kọjá níwájú yín, ó sì jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré. Bí ẹ kò bá tètè ju nǹkan lu ológbò náà, eku kú nìyẹn, eré sì ń bá a lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ó pẹ́ lẹ́yìn náà kí wọ́n tó dè yín mọ́lẹ̀ sínú yàrá abẹ́ ilé kan, eku yẹn nìkan ló sì lè gé okùn náà. Nínú eré kan náà, bí ebi bá pa akọni lórí òkè tí ẹ sì jẹ́ kó jẹ páì tó wà nínú àpò rẹ̀, ẹ ti jẹ ohun kan ṣoṣo tí ẹ ò bá jù lu ẹranko abàmì tó wà níwájú.

Ron Gilbert, ọ̀kan lára àwọn tó ṣe Maniac Mansion, ti kọ àròkọ ní 1989 láti bu ẹnu àtẹ́ lu irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ó sì fi The Secret of Monkey Island ti 1990 hàn pé ó ṣeé ṣe kí eré le kó má sì pa ènìyàn. Kò sí ohun tí ẹ lè gbàgbé níbẹ̀ tí ẹ kò ní lè padà lọ mú. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí akọni fi lè kú, tí mo mọ̀, ni pé kí ẹ fi í sílẹ̀ sábẹ́ omi fún ìṣẹ́jú 10 gbáko. Òun fúnra rẹ̀ sì ti ń fọ́nnu tẹ́lẹ̀ pé ìṣẹ́jú 10 ni òun lè fi sé èémí. Èmi dúró. Ó kú lóòótọ́.

Nítorí náà, bí eré yín bá jẹ́ ti ìgbà tí a wà yìí, ó ṣeé ṣe dáadáa pé ohun tí ẹ nílò wà lọ́wọ́ yín tàbí ní ibi tí ẹsẹ̀ yín lè dé. Bó bá jẹ́ ti àtijọ́, ẹ tọ́jú eré yín sí oríṣiríṣi ibi bí ẹ ti ń lọ, kí ẹ lè rí ibi padà sí.

Aláròjinlẹ̀ dáhùn pé:

Mo fara mọ́ ohun tí Àgbà-Eré sọ, ṣùgbọ́n n óò fẹ́ kí a dá ìbéèrè ọgbọ́n náà lóhùn gan-an. Àṣìṣe yín, bí mo ṣe rí i, ni pé inú àpò ni ẹ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú ìwọ̀, ẹ wá ń béèrè ibi tí ìwọ̀ lè wúlò sí. Ẹ yí i padà. Ẹ dúró síwájú ẹ̀rọ náà kí ẹ sì béèrè pé kí ni kò sí lára rẹ̀ tí kò fi ṣiṣẹ́, irú nǹkan wo ló lè dípò rẹ̀, báwo ni ó ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó, ṣé líle ni àbí rírọ̀. Ìgbà tí ẹ bá mọ ìrísí ohun tí ẹ ń wá ni kí ẹ tó yẹ àpò wò.

Àdìtú kan wà tó ti wọ inú ọ̀pọ̀ eré, tí kò sì sú mi rí. Wọ́n ti yín mọ́ yàrá, kọ́kọ́rọ́ sì wà nínú ihò ilẹ̀kùn, ní ìhà kejì. Ìwé ìròyìn àtijọ́ kan wà lórí tábìlì, wáyà sì wà lára àgò ẹyẹ. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé ìròyìn yóò kà á títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀kùn yóò rí àlàfo tóóró tó wà lábẹ́ rẹ̀, yóò ti ìwé náà gba abẹ́ rẹ̀ jáde, yóò fi wáyà ti kọ́kọ́rọ́ títí yóò fi jábọ́ lé ìwé lórí, yóò sì rọra fa ìwé padà wọlé. Kò sí ohun ìyanu kankan nínú rẹ̀. Bí yóò ṣe rí náà ni bí ẹ bá ṣe é nílé.

Mo mọ̀ pé àwọn àdìtú kan wà tí èrò kankan kò lè gbà. Èyí tí gbogbo ènìyàn máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ ni ti Gabriel Knight 3, tó jáde ní 1999: akọni fẹ́ fi orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ yá alùpùpù, ó wá fi téèpù gba irun lára ológbò, ó fi omi ṣúgà tó ń lẹ̀ lẹ irun náà mọ́ ètè òkè bí irunmú, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rẹ́ tó ń ṣe bíi tirẹ̀ yìí kò ní irunmú rárá! Ó ní láti fi kálàmù ya irunmú sí ojú àwòrán inú ìwé ìrìnnà ọ̀rẹ́ náà. Bí àdìtú bá dà báyìí, ẹ lọ ka ìdáhùn, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ má gbàgbé nǹkan méjì kékeré mìíràn. Nínú ọ̀pọ̀ eré òde òní, bọ́tìnnì kan wà (Tab tàbí bọ́tìnnì àlàfo ni ó sábà máa ń jẹ́) tó ń fi gbogbo ohun tó ṣeé tẹ̀ hàn. Ẹ sì máa yẹ ohun tó wà nínú àpò wò fúnra rẹ̀. Kì í ṣe kìkì kí ẹ máa fi í kan nǹkan mìíràn.

Awáǹkanrí dáhùn pé:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ó dà bíi pé ojú lásán ni àwa tí a ń wá nǹkan ń lò. Bí àkọsílẹ̀ bá ní kí ẹ wá “bow”, ó lè jẹ́ ọrun tí wọ́n fi ń ta ọfà, ó lè jẹ́ rìbọ́n tí wọ́n so sórí ẹ̀bùn, ó sì lè jẹ́ ọ̀pá tí wọ́n fi ń ta fayolíìnì. “Bat” lè jẹ́ àdán, ó sì lè jẹ́ igi ìgbábọ́ọ̀lù. Mo ti wá àdán rí títí ojú fi ń ro mí, igi náà sì dúró ti ògiri níwájú mi. Àdìtú ni ìyẹn náà.

Pẹ̀lúpẹ̀lù, àwọn eré méjèèjì ti ń bára wọn dáná tipẹ́. Mystery Case Files: Huntsville, tí Big Fish Games gbé jáde ní 2005, wà lára àwọn tó sọ wíwá nǹkan di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, ṣùgbọ́n nígbà tí Return to Ravenhearst fi máa dé ní 2008, a ti ń rìn láti yàrá dé yàrá, a sì ń gbé ohun tí a rí níbì kan lọ lò níbòmíràn. Àwọn ará Poland tó ń jẹ́ Artifex Mundi gba ọ̀nà yẹn lọ jìnnà. Olójú-Àṣá, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti máa ṣe àdàlù yìí láìmọ̀.

Ní ti olobó, n kò rí i bí ojoro. Nínú Hidden Folks ti 2017, tí kò ní àwọ̀ rárá tó sì jẹ́ pé ẹnu ni wọ́n fi ṣe àwọn ìró inú rẹ̀, bí ẹ bá tẹ àwòrán ẹni tí ẹ ń wá, gbólóhùn kan yóò jáde tó máa sọ ìwà onítọ̀hún tàbí ibi tó fẹ́ràn, ẹ̀yin ni ẹ óò sì ro ìyókù. Ètò Universal Hint System ti ń ṣe irú rẹ̀ fún point-and-click láti 1988: ẹ ó yan ìbéèrè yín, yóò kọ́kọ́ ta yín lólobó díẹ̀, bí ẹ bá tún fẹ́, yóò fi díẹ̀ kún un. Ó yàtọ̀ pátápátá sí àlàyé gígùn, tó jẹ́ pé bí ẹ bá fẹ́ ka ìlà kan, ojú yín á ti rí mẹ́wàá.

Olójú-Àṣá dáhùn pé:

Ẹ ṣeun o, gbogbo yín. Eré náà kò tíì pé ọdún márùn-ún, nítorí náà kò pa mí.

Mo ṣe bí Aláròjinlẹ̀ ṣe wí. Mo padà sí iwájú ẹ̀rọ náà, mo ṣe bí ẹni tí kò ní àpò rárá. Kẹ̀kẹ́ irin méjì ló wà lára rẹ̀, ńlá kan àti kékeré kan, kò sì sí ohun tó so wọ́n pọ̀. Mo ti rí kẹ̀kẹ́ méjèèjì láti ọjọ́ kìíní, ojú mi kúkú mú, n kò kàn bi ara mi léèrè ìdí tí wọ́n fi jẹ́ méjì. Bẹ́líìtì ni kò sí níbẹ̀. Mo wá nílò nǹkan gígùn, rírọ̀, tó lè fà. Mo ṣí àpò, mo yẹ gbogbo rẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tí mo sì dé orí báàgì awọ ilé olùkọ́, ó tóbi lójú mi, mo rí ìdè irin kékeré kan níbi tí okùn àgbékọ́ èjìká rẹ̀ ti so mọ́ ọn. Mo tẹ ìdè náà, okùn sì bọ́ sí mi lọ́wọ́. N kò lè ṣàpèjúwe bí inú mi ṣe dùn tó nígbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde, láìka ìlà kan.

Èwo ni kí n tún ṣe báyìí? Mo fẹ́ èyí tí ọ̀rọ̀ òyìnbó kò pọ̀ nínú rẹ̀.

Aláròjinlẹ̀ dáhùn pé:

Ẹ kú oríire! Machinarium ni, tí Amanita Design ti orílẹ̀-èdè Czech ṣe ní 2009. Wọn kì í sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Àwòrán ló ń jáde lórí àwọn róbọ́ọ̀tì bí ẹni tó ń ronú. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé ohun tí ọwọ́ róbọ́ọ̀tì yín bá tó nìkan ló lè fọwọ́ kàn, ó sì lè na ara rẹ̀ ga tàbí kó súnkì, nítorí náà títẹ̀ káàkiri kò ní ràn yín lọ́wọ́. Olobó wà ní oríṣi méjì: gílóòbù kan tó ń fi ohun tí ẹ fẹ́ ṣe ní ibẹ̀ hàn yín, àti ìwé kan tí ìdáhùn wà nínú rẹ̀ pátá, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe eré kékeré kan, kí ẹ máa fi kọ́kọ́rọ́ yìnbọn fún aláǹtakùn, kí ìwé náà tó ṣí. Ó máa ń sú ènìyàn, mo sì gbà pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni.

Olójú-Àṣá dáhùn pé:

Mo ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo ti to ara róbọ́ọ̀tì náà pọ̀ lórí ààtàn, mo ti dé ibi afárá, ẹ̀ṣọ́ kò sì jẹ́ kí n kọjá. Mo ti ń wo orí ẹ̀ṣọ́ náà láti àárọ̀, mo sì ti ń rò ó pé kí ni kò sí lára èmi tó wà lára rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má tíì sọ ọ́ fún mi.