Nǹkan oṣù mi dá ní ẹni ọdún 37: ṣé mo lè fi oògùn họ́mọ̀nù sílẹ̀ báyìí, àbí egungun mi ni yóò jìyà rẹ̀?

Oníṣòwò Sábó, Ìkòròdú:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá mi àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Aṣọ òkìrìkà ni mo ń tà ní Sábó, Ìkòròdú níbí, ẹni ọdún 42 sì ni mí. Nǹkan oṣù mi ti dá láti ìgbà tí mo ti wà ní ẹni ọdún 37. Wọn kò ṣe iṣẹ́ abẹ kankan fún mi. Ó kàn ń fo oṣù kan, ó ń fo méjì, títí tó fi lọ pátápátá. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló fi hàn pé ilé ẹyin mi ti ṣíwọ́ iṣẹ́ ṣáájú àkókò. Dókítà fún mi ní oògùn họ́mọ̀nù oníhóró, mo sì ti ń lò ó láti ìgbà náà. Ooru tí ń mú mi lójijì láàrin ọjà, tí n ó fi máa fi páálí fẹ́ra níwájú oníbàárà, àti òógùn tí ń bò mí lóru, gbogbo rẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀.

Ohun tó gbé mi wá síbí ni pé owó oògùn náà ti ga ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ìgbà mìíràn sì wà tí mo máa ń wá a dé Kétu kí n tó rí i rà. Àwọn tí a jọ ń tajà ní òun ló ń fa jẹjẹrẹ ọmú, pé nígbà tí ooru kò mú mi mọ́, kí ni mo tún ń lò ó fún? Mi ò bá ti gbà fún wọn, bí kò ṣe ti ìyá mi. Ìyá mi ṣubú ní balùwẹ̀, egungun ìbàdí wọn kán, wọn kò sì fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn dáadáa mọ́ títí di òní. Nítorí ìyẹn ni dókítà fi ní kí n lọ ṣe àyẹ̀wò egungun tí wọ́n ń pè ní DEXA, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé mi pé T-score ọ̀pá ẹ̀yìn mi, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wé egungun ẹni mọ́ ti ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le, jẹ́ -1.8. Ṣé mo lè fi oògùn yìí sílẹ̀, kí n máa lo kálíṣíọ́ọ̀mù, kí n sì tọ́jú ẹnu mi? Bí kò bá ṣeé ṣe, títí di ìgbà wo ni n ó máa lò ó?

Ọmọ Ìgbógbó:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi o, èyí tó ti dá ti dá. Ìyá àgbà wa kò lo họ́mọ̀nù kankan, wọ́n sì ń ru igi wálé títí wọ́n fi darúgbó. Àgbo tí ń mú egungun le wà, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́wé ọmọ.

Nọ́ọ̀sì Èbúté:

Oníṣòwò Sábó, ẹ kú ìfaradà. Nọ́ọ̀sì ni mí, ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ni iṣẹ́ mi sì wà. N kò lè gba ipò dókítà yín, ṣùgbọ́n ohun tí mo máa kọ́kọ́ sọ ni pé kí ẹ má fi oògùn náà sílẹ̀ nítorí pé ooru ti lọ. Ooru ni ẹ ń mọ̀ lára. Egungun tí ń dín kù kì í dun ènìyàn rárá títí di ọjọ́ tí yóò kán.

Lójoojúmọ́ ni ara ń wó apá kan egungun wa, tí ó sì ń mọ òmíràn dípò rẹ̀. Estrogen, họ́mọ̀nù tí ilé ẹyin ń ṣe, ni ó ń kó àwọn tí ń wó o níjàánu. Bí estrogen bá ti lọ, àwọn tí ń wó a borí àwọn tí ń mọ, ọdún mélòó kan àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù dá ni ó sì máa ń yára jù. Obìnrin mìíràn lè pàdánù tó ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún egungun rẹ̀ láàrin ọdún 5 sí 7. Ẹni tí tirẹ̀ dá ní ẹni ọdún 50, ìgbà náà ni àdánù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní tiyín, 37 ni. Bí ẹ bá fi dé 60 láìlo nǹkan kan, ọdún 23 ni egungun yín ìbá ti fi wà láìní estrogen, nígbà tí ti ẹlẹgbẹ́ yín yóò jẹ́ 10. Ìdí nìyí tí kò fi dùn mọ́ mi nínú bí a bá ń ka oògùn yìí sí àṣejù tàbí fàájì: ohun tí ara yín ìbá ti máa ṣe fúnra rẹ̀ títí di àsìkò yìí ni ẹ ń dá padà fún un. Ìyá àgbà tí Ọmọ Ìgbógbó mẹ́nu bà, ó ṣeé ṣe kí nǹkan oṣù wọn má tíì dá títí wọ́n fi sún mọ́ 50, nítorí náà a kò lè fi ti wọn wé ti yín.

Ìlànà tí àwọn dókítà ń tẹ̀ lé ni pé kí ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ dá kó tó pé ẹni ọdún 40 máa lo họ́mọ̀nù, bí kò bá sí ohun tó dí i lọ́wọ́, ó kéré tán títí di nǹkan bí ẹni ọdún 50 tàbí 51. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ̀yin àti dókítà yóò tún un gbé yẹ̀ wò.

Ẹ̀rù jẹjẹrẹ ọmú tí wọ́n ń dá bà yín ní orírun. Ní ọdún 2002, wọ́n dá apá kan ìwádìí ńlá kan dúró ní Amẹ́ríkà, Women's Health Initiative ni wọ́n ń pè é, ìròyìn rẹ̀ sì kárí ayé. Obìnrin tó lé ní 16,000 ló wà ní apá náà, láti ẹni ọdún 50 dé 79, àárín gbùngbùn ọjọ́ orí wọn sì jẹ́ nǹkan bí 63. Láàrin àwọn tó lo estrogen pọ̀ mọ́ progestin (oògùn tí wọ́n ṣe bíi progesterone, họ́mọ̀nù kejì tí ilé ẹyin ń ṣe), àwọn tó ní jẹjẹrẹ ọmú fi nǹkan bí ènìyàn 8 nínú 10,000 lọ́dọọdún ju àwọn tí wọ́n fún ní hóró tí kò ní oògùn nínú. Ìwádìí kan náà ló sì fi hàn pé egungun ìbàdí tó ń kán dín kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta lára àwọn tó lo họ́mọ̀nù, ṣùgbọ́n ẹ kò ní gbọ́ ìyẹn lẹ́nu àwọn ará ọjà. Ẹni ọdún 63 tí ara rẹ̀ ti kúrò nídìí estrogen tipẹ́, ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ẹ̀yin bá ń lò ó títí dé 50, ewu jẹjẹrẹ ọmú yín kò ju ti ojúgbà yín tó ṣì ń rí nǹkan oṣù rẹ̀ lọ. Àwọn tó yẹ kí wọ́n ṣọ́ra gidigidi ni ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ ọmú rí, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú iṣan rẹ̀ rí, ẹni tí ẹ̀dọ̀ ń yọ lẹ́nu, àti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lójú ara rẹ̀ tí a kò tíì mọ ohun tó fà á.

Ohun kan wà tí mo bẹ̀ yín lé lórí, nítorí ẹ mẹ́nu ba owó. Níwọ̀n bí ilé ọmọ yín ti wà níbẹ̀, ẹ má ṣe yọ apá progesterone, èyí tó ń dáàbò bo ilé ọmọ, sílẹ̀ láti fi dín owó kù. Mo ti rí ẹni tó ń lo estrogen nìkan nítorí pé èkejì ló wọ́n, tó sì ń yangàn pé òun rí i dọ́gbọ́n sí. Estrogen nìkan a máa mú kí awọ inú ilé ọmọ nípọn ju bó ti yẹ lọ, ìyẹn sì lè di jẹjẹrẹ ilé ọmọ. Bí oníhóró bá wọ́n jù, ẹ béèrè bóyá irú mìíràn wà: jẹ́lì tí wọ́n ń fi pa awọ ara wà, èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara náà wà, àwọn méjèèjì kì í sì í tètè fa ẹ̀jẹ̀ dídì bí oníhóró.

Ní ti -1.8, láàrin -1 àti -2.5 ni a ń sọ pé egungun ti ń dín kù, -2.5 lọ sísàlẹ̀ ni àìsàn osteoporosis gan-an, èyí tí ń sọ egungun di ẹlẹgẹ́. Ẹ kò tíì dé ibẹ̀. Kálíṣíọ́ọ̀mù dára, nǹkan bí 1,000 mílígíráàmù lójúmọ́, oúnjẹ ni kí ẹ sì ti kọ́kọ́ wá a. Ṣùgbọ́n ohun èlò ilé ni kálíṣíọ́ọ̀mù, kò lè dá àwọn tí ń wó o lẹ́kun. Àgbo tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kò lè dípò estrogen. Èyí tó tilẹ̀ ń bà mí lẹ́rù jù ni àwọn hóró tí àwọn obìnrin ń rà lọ́jà kí wọ́n lè sanra, tó jẹ́ pé dexamethasone, oògùn sítẹ́rọ́ìdì, ló pọ̀ nínú wọn. Bí a bá lò ó pẹ́, ó ń jẹ egungun.

Ìyá Ẹlẹ́ja, Ẹ̀pẹ́:

Àbúrò mi, gba ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì. Ilé ọmọ mi àti ilé ẹyin méjèèjì ni wọ́n yọ nígbà tí fáíbírọ́ìdì fẹ́ẹ̀ fi ẹ̀jẹ̀ pa mí, ẹni ọdún 41 ni mí nígbà náà. Mo wọ yàrá iṣẹ́ abẹ bí ẹni tí ń rí nǹkan oṣù, mo jáde bí ẹni tí tirẹ̀ ti dá. Estrogen nìkan ni wọ́n fún mi, nítorí kò sí ilé ọmọ mọ́, mo sì lò ó dé 51.

Kí o mọ̀ pé bí o bá fi í sílẹ̀, ààbò tó ń ṣe fún egungun kì í pẹ́ kó tó máa lọ. Nígbà tí wọ́n tún àyẹ̀wò mi ṣe, wọ́n fi mí sórí alendronate, oògùn tí kì í jẹ́ kí egungun máa wó, hóró kan lọ́sẹ̀. Èèwọ̀ rẹ̀ pọ̀ ju ti họ́mọ̀nù lọ. Inú òfìfo ni a ń lò ó, ife omi lásán ni a fi ń gbé e mì, kì í ṣe tíì, kì í ṣe ògì, a kò sì gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ tàbí bẹ̀rẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nítorí bó bá há sí ọ̀nà ọ̀fun, á dá egbò síbẹ̀. Nítorí náà, ó di ẹ̀yìn ìrun Àsùbáà kí n tó lò ó, kí ìforíkanlẹ̀ má bàa dà á padà. N ó wá jókòó ṣánṣán sẹ́nu ọ̀nà, n ó máa ṣa ẹja sínú agbọ̀n tí yóò lọ sí ọjà Olúwò, títí àkókò yóò fi pé kí n tó fẹnu kan nǹkan. Bí a bá wà nínú ààwẹ̀, n ó tètè jí lò ó ṣáájú sààrì.

Ní ti oúnjẹ, ṣáwá tí a sè tó rọ̀, kí o rún un pẹ̀lú egungun rẹ̀. Má tu egungun dànù bí ọmọ ìlú òyìnbó. Àti bẹ́ẹ̀lì òkìrìkà yẹn, ìwọ nìkan kọ́ ni kó máa gbé e. Bó bá pọn dandan, tẹ orúnkún, má tẹ ẹ̀yìn.

Oníṣòwò Sábó, Ìkòròdú:

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin ìyá mi. N kò ní fi í sílẹ̀. Ìbéèrè méjì ló kù: bí oògùn bá tán tí n kò rí i rà fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ṣé gbogbo èyí tí mo ti lò ti já sófo nìyẹn? Ẹnìkan sì ní kí n kúkú lọ gba abẹ́rẹ́ ìfètòsọ́mọbíbí olóṣù mẹ́ta, pé họ́mọ̀nù náà ni. Ṣé ọ̀kan náà ni wọ́n?

Nọ́ọ̀sì Èbúté:

Kò já sófo. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kò lè wó ohun tí ẹ ti mọ láti ọdún wọ̀nyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ooru lè padà wá kí yín. Bí ẹ bá rí i rà, ẹ bẹ̀rẹ̀ padà bí dókítà ti kọ ọ́, ẹ má ṣe ìlọ́po láti fi dí èyí tó kọjá. Ẹ má ra hóró tí wọ́n já sílẹ̀ láìní páálí. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́.

Abẹ́rẹ́ yẹn, rárá o. Kò ní estrogen nínú, òun gan-an a sì máa dín egungun kù nígbà tí a bá ń lò ó. Hóró ìfètòsọ́mọbíbí tó ní estrogen àti progestin pọ̀ ni dókítà lè fi dípò fún ẹni tó kéré bíi tiyín, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ wọn ìfúnpá yín, kí wọ́n sì mọ̀ bóyá ẹ ń mu sìgá. Ẹ tún fi sọ́kàn pé oògùn họ́mọ̀nù tí ẹ ń lò kì í dènà oyún. Ilé ẹyin tó ṣíwọ́ ṣáájú àkókò lè tún ta jí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn díẹ̀ sì ti lóyún bẹ́ẹ̀.

Bí àsìkò bá tó láti tún DEXA ṣe, orí ẹ̀rọ tí ẹ ti ṣe àkọ́kọ́ ni kí ẹ padà sí, kí ẹ sì mú ìwé -1.8 yẹn dání, nítorí èsì ẹ̀rọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kì í ṣeé fi wéra tààrà.