Kendama wo ni kí n rà fún ọmọ mi? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Tóbi, Manchester
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Níléèwé ni ọ̀rẹ́ Tóbi ti yá a ní kendama, ohun ìṣeré onígi àwọn ará Japan. Igi ìdìmú kan ni, ó ní abọ́ mẹ́ta àti ṣóńṣó kan lórí, wọ́n wá fi okùn so bọ́ọ̀lù onígi mọ́ ọn. Ẹ ó sọ bọ́ọ̀lù náà sókè kó balẹ̀ sórí abọ́, tàbí kí ihò rẹ̀ wọ ṣóńṣó. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yìí kò ti béèrè fóònù mi mọ́. Inú mi dùn, mo sáré ra ọ̀kan tó ń dán gbinrin. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, okùn já, ẹnu ṣóńṣó rún, bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀lù kì í dúró lórí abọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ ń sunkún. Èwo ni kí n rà? Ṣé èyí tó bàjẹ́ ṣì ṣeé tún ṣe?

Àdìó Osaka
Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ẹ má bá Tóbi wí, ọ̀dà dídán yẹn ló fa ẹkún. Ó máa ń yọ̀ nígbà tó bá ṣì tuntun. Èyí tí ọ̀dà rẹ̀ kò dán, tó dà bíi rọ́bà, ló yẹ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Ẹ fi àtàǹpàkò wọ́ ọ: bó bá ń di ọwọ́ yín mú díẹ̀, ẹ rà á.

Bó bá jẹ́ pé ọmọ náà fẹ́ ṣe ìdánwò ìpele kendama lọ́jọ́ iwájú, irú kendama tí wọ́n ń pè ní Ozora ni kí ẹ rà. Ilé iṣẹ́ Yamagata Koubou ní ìlú Nagai ní Japan ló ń ṣe é, ẹgbẹ́ kendama ilẹ̀ Japan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975 sì fọwọ́ sí i. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 6, ìdìmú rẹ̀ tó 16. Láti ìpele 10 ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ìdánwò, wọ́n á máa kà á wálẹ̀ dé 1.

Bàbá Tèmi, Atlanta
Àbúrò, mo gbà pẹ̀lú rẹ lórí ọ̀dà, ṣùgbọ́n má tíì gbé Ozora lé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ́wọ́. Ó ń dán, abọ́ rẹ̀ sì kéré. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe kendama níbí, bíi Kendama USA àti Sweets, máa ń ṣe abọ́ tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ mi obìnrin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á tì kí n tó pààrọ̀ tirẹ̀. Ọmọ tí bọ́ọ̀lù bá ti dúró lórí abọ́ fún lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kò ní gbé e sílẹ̀ mọ́.

Ní ti igi, beech ló wọ́pọ̀, ó sì tó. Maple le dáadáa, owó rẹ̀ sì máa ń ga. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi igi olówó ńlá tàn yín, mà.

Káfíńtà Mókọlá
N kò fọwọ́ kan kendama rí, àmọ́ ọdún kẹtàlélógún mi nídìí igi rèé. Ẹnu tó rún yẹn, ẹ má gbẹ́ ẹ kó mú o! Bó bá ti tínrín, yóò kán. Ẹ fi sáńpépà nọ́ńbà 400 ha á díẹ̀díẹ̀ títí kò fi ní gún ọwọ́ mọ́. Ẹ kán súpà gúlù ẹyọ kan sí i, kí igi fà á mu, kó sùn mọ́jú, kí ẹ tún fi sáńpépà ha á. Ẹ̀yin ni kí ẹ ṣe é, kì í ṣe ọmọ.

Ẹ má fi omi fọ̀ ọ́, aṣọ gbígbẹ ni kí ẹ fi nù ún. Ẹ má sì gbé e sítòsí ẹ̀rọ tó ń mú ilé yín gbóná. Bí ọyẹ́ ṣe ń gbẹ igi lọ́dọ̀ wa níbí nìyẹn: á súnkì, gbogbo oríkèé á máa mì.

Àdìó Osaka
Ẹ ṣeun, bàbá. Òótọ́ ni, igi ìdábùú tó gbé abọ́ méjì máa ń tú bí ojú ọjọ́ bá gbẹ.

Okùn ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀, mà, kò wọ́n rárá. Ìlẹ̀kẹ̀ kékeré wà nínú bọ́ọ̀lù, òun ni kì í jẹ́ kí okùn lọ́ pọ̀; ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ fi èyí tó já wọn tuntun. Bí Tóbi bá ń lo ọwọ́ òsì, ẹ yí igi ìdábùú padà kí ihò okùn bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ojú bọ́ọ̀lù tó ti ha kò burú o. Ọ̀dà tó ti ha máa ń di igi mú ju tuntun lọ, ẹ má tún un kùn.

Ìyá Tóbi, Manchester
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti fi okùn tuntun sí i láàárọ̀ yìí, mo sì rí ìlẹ̀kẹ̀ náà lábẹ́ àga. Tóbi wá ń gbá bọ́ọ̀lù láti abọ́ ńlá sí abọ́ tó wà nídìí igi ìdìmú, èyí tí wọ́n ń pè ní moshikame. Ó ní orin ìjàpá àti ehoro ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Mo sọ fún un pé a mọ ìjàpá dáadáa nílé wa. Ó ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́rin láìjábọ́. Èyí tó dà bíi rọ́bà ni mo máa rà fún ọjọ́ ìbí rẹ̀. Bàbá Mókọlá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kán gúlù sí ẹnu ṣóńṣó ni, ó ń gbẹ lójú fèrèsé.

Káfíńtà Mókọlá
Ẹ gbé e kúrò nínú oòrùn, ìyá wa. Orí tábìlì tó.