Ta ló ti ṣe kéèkì ṣokoléètì oníkírìmù yìí nílé rí? Ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Ìyá Ìbejì Lawanson:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Whoopie pie ni mo fẹ́ béèrè nípa ẹ̀, kéèkì ṣokoléètì rìbìtì méjì tí wọ́n fi kírìmù funfun pa pọ̀ láàárín, tó máa ń rọ̀ múlọ́múlọ́. Àwọn ọmọ ti rí i lórí fóònù, wọn ò jẹ́ n sinmi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é nílé yín l'Ékòó níbí, báwo ló ṣe rí? Ti inú ìwé ti wà lọ́wọ́ mi, ti ilé ìdáná yín gan-an ni mo fẹ́ gbọ́.

Ọmọ Ìta Fájì:
Ẹ má ṣe é lóṣù kẹta. Mo ti sọ tèmi.

Adùnní Bàríga:
Ọ̀rọ̀ Ọmọ Ìta Fájì yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré o. Ẹnì kan ní Lafiaji gbé iṣẹ́ fún mi, ọjọ́ ìbí ọmọ ẹ̀ ló fẹ́ fi ṣe. Kéèkì náà wú dáadáa, ó rọ̀, téèyàn bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, á rọra gbéra padà. Bọ́tà gidi àti ṣúgà lẹ́búlẹ́bú ni mo fi lu kírìmù ẹ̀, torí oníṣẹ́ ti ní òun ò fẹ́ bọ́tà inú agolo. Mo tò ó sínú páálí, mo gbé e lé itan, mo wọkọ̀. A dé orí Third Mainland, mọ́tò kan kú síwájú, la bá dúró gbagidi nínú oòrùn ọ̀sán. Ẹ̀rọ amúlétutù ọkọ̀ tí mo wọ̀ ò ṣiṣẹ́. Ibi tí mo jókòó sí ni mo ti ń gbóòórùn bọ́tà. Nígbà tí mo máa ṣí páálí, gbogbo orí kéèkì ti yọ̀ kúrò lórí ìdí ẹ̀, òmíràn kọjú sọ́tùn-ún, òmíràn kọjú sósì, kírìmù ti domi, ó ti ń mu bébà. Ni mo bá bú sẹ́kún. Dírẹ́bà wojú mi nínú gíláàsì, ó ní, "Àǹtí, ṣé wọ́n pè yín pé ẹnì kan kú ni?"

Alhaja Òkè-Arin:
Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rírú ẹ̀ mọ́. Oníṣẹ́ ńkọ́, ṣé ó sanwó?

Adùnní Bàríga:
Ẹ ṣé mà. Ààbọ̀ ló san. Àwọn ọmọ fi ṣíbí jẹ ẹ́ tán porogodo, wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣe é.

Bọ̀dá Ṣómólú:
Ààbọ̀ kẹ̀? Bọ́tà gidi ló ní kí wọ́n fi ṣe é, bọ́tà gidi ni wọ́n fi ṣe é. Ṣé Adùnní ló ń tan oòrùn ni? Ohun tó ń dun àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ nílùú yìí nìyẹn. Àwọn ọmọ jẹ ẹ́ tán, wọ́n tún wá yọ owó!

Ọmọ Ìta Fájì:
Bọ̀dá, tí wọ́n bá gbé kéèkì tó ti domi wá fún yín, ṣé gbogbo owó lẹ máa san?

Bọ̀dá Ṣómólú:
Mo máa san án.

Ìyá Ràmọ́tà Òyìngbò:
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ná kóńgò gààrí kan láti àárọ̀ dalẹ́? Ẹ̀rín pa mí o.

Bọ̀dá Ṣómólú:
Ìyá Ràmọ́tà, ọjà lèèyàn ń ná. A kì í ná iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe tán. Ẹ má da méjèèjì pọ̀.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀búté Mẹ́ta:
Adùnní, pẹ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ ẹ dùn mí. Bọ́tà gidi máa ń yọ́ láàárín 32 sí 35 lórí òǹkà Sẹ́síọ́ọ̀sì. Inú ọkọ̀ tó dúró sójú oòrùn l'Ékòó sì máa ń kọjá ìyẹn dáadáa. Kò sọ́gbọ́n tó fi máa dúró.

Ìyá Ìbejì Lawanson:
Kí wá la máa fi ṣe kírìmù tó máa dúró? Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Àdùkẹ́ Yábàá:
Ìyá Ìbejì, ẹ jókòó, mo ti ń dúró de ìbéèrè yìí. Kírìmù tí wọ́n fi fúláwà sè ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ po fúláwà ṣíbí ìjẹun márùn-ún mọ́ kọ́ọ̀pù mílíìkì kan, ẹ kọ́kọ́ lù ú kó má ní kókó, ẹ gbé e ka iná jẹ́jẹ́, kẹ́ ẹ máa rò ó láì dáwọ́ dúró títí á fi ki bí ògì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná. Ẹ sọ̀ ọ́. Ẹ tẹ́ nylon ìwéǹjẹ lé e lójú gan-an kó má baà yí èèpo. Ó gbọ́dọ̀ tutù pátápátá o, kì í ṣe kó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Lẹ́yìn náà lẹ máa wá lu ọ̀rá àti ṣúgà kọ́ọ̀pù kan lọ́tọ̀ títí á fi funfun, kẹ́ ẹ máa bu ògì yẹn sí i ní ṣíbí ṣíbí, kẹ́ ẹ sì máa lù ú lọ. Ọ̀rá yẹn, kọ́ọ̀pù kan ni, àmọ́ èmi máa ń pín in sí méjì: ìdajì bọ́tà fún adùn, ìdajì ọ̀rá funfun tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò. Ọ̀rá funfun yẹn máa ń fara da ooru ju bọ́tà lọ fíìfíì. Ó máa gbé e dúró.

Ọmọ Ìta Fájì:
Fúláwà nínú kírìmù? Kò ní máa run fúláwà?

Àdùkẹ́ Yábàá:
Kò ní run ún tó bá jinná. Ẹni tó bá ti rí i tó bẹ̀rẹ̀ sí í ki, tó sáré sọ̀ ọ́, lẹ́nu ẹ̀ máa ń gbọ́ fúláwà tútù. Ẹ jẹ́ kó hó díẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ ṣì máa rò ó.

Tọ́lá Ìdí-Òrò:
Mo ti ṣe é. Ó dáa. Àmọ́ apá ń roni.

Àbẹ̀kẹ́ Múṣin:
Èmi ò lè máa se ògì tìtorí kéèkì o. Funfun ẹyin ni mo máa ń lù pẹ̀lú ṣúgà títí á fi dúró, mo ti dé ibi tí mo fẹ́ dé nìyẹn. Àwọn ará Amẹ́ríkà tó ni ín gan-an, marshmallow inú ike, kírìmù aládùn funfun kan tó máa ń fà, ni wọ́n máa ń dà sí tiwọn, funfun ẹyin náà sì wà nínú ìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀búté Mẹ́ta:
Àbẹ̀kẹ́, jọ̀ọ́. Funfun ẹyin tútù, tí kò fojú kan iná, nínú ooru yìí, fún ọmọ kékeré? Kòkòrò salmonella lè wà nínú ẹyin tó mọ́ tónítóní lójú. Tó o bá máa lò ó, gbé abọ́ ẹyin àti ṣúgà lé orí omi tó ń hó, máa lù ú níbẹ̀ títí á fi gbóná dé 71 lórí òǹkà Sẹ́síọ́ọ̀sì, kó o tó gbé e kúrò. Kírìmù Àdùkẹ́ náà ní mílíìkì nínú, kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí méjì lọ níta. Tí ooru bá ti kọjá 32, wákàtí kan péré.

Àbẹ̀kẹ́ Múṣin:
Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe é, inú ò run ẹnikẹ́ni rí.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀búté Mẹ́ta:
Àwọn tí inú run, ṣé wọ́n padà wá sọ fún ẹ? Ilé ìwòsàn ni wọ́n ń gbà, àwa la ń rí wọn.

Ìyá Ràmọ́tà Òyìngbò:
Nọ́ọ̀sì, wákàtí kan kẹ̀? Níbi tí iná ti máa ń lọ láti àárọ̀ dòru? Inú fìríìjì wa gan-an ìta ni.

Adùnní Bàríga:
Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo ń ṣe báyìí, torí mi ò fiṣẹ́ náà sílẹ̀ o. Bí mo bá ti pa kéèkì àti kírìmù pọ̀ tán, mo máa ń fi nylon ìwéǹjẹ wé wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo máa ń lọ kó wọn sínú fírísà obìnrin tó ń ta ẹja dídì lẹ́nu ọ̀nà wa, ó ní jẹnẹrétọ̀. Mo fi ike olómorí kó wọn kí òórùn ẹja má bá a. Kéèkì yìí fẹ́ràn fírísà, kì í gbẹ. Lọ́jọ́ tí mo bá máa gbé e lọ, á ti dì gbagidi, màá kó o sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín omi inú nylon lábẹ́ àti lórí. Tí ọ̀nà bá dí, kó dí. Ìgbà tí mo bá fi máa dé Island, á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rọ̀.

Alhaja Òkè-Arin:
Ọlọ́run á bù sí i fún ẹ. Ọlọ́gbọ́n ọmọ.

Bọ̀dá Ṣómólú:
Ẹ gbọ́, àwọn wo ló tiẹ̀ ni kéèkì yìí?

Tọ́lá Ìdí-Òrò:
Ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà fi òfin sọ ọ́ di ìpanu ìpínlẹ̀ wọn ní 2011. Ilé béékìrì kan ní Lewiston níbẹ̀, Labadie's, ní láti 1925 làwọn ti ń ta á. Àwọn ará ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní irọ́ ni, pé ọ̀dọ̀ àwọn Amish tiwọn, ìyẹn àwọn ẹlẹ́sìn Kristẹni kan níbẹ̀, ló ti wá.

Ìyá Ràmọ́tà Òyìngbò:
Kí wọ́n máa bá a lọ lọ́hùn-ún. Kòkó inú ẹ̀ ló jẹ́ tiwa.

Bàbá Ìdànrè:
Ìyá Ràmọ́tà ti sọ̀rọ̀ tó kàn mí. Inú oko kòkó ni wọ́n bí mi sí, Múṣin ni mo ń gbé báyìí. Ó máa ń dùn mí kí n rí i pé inú agolo tó ti òkè òkun wá làwọn ọmọ wa ti ń bu kòkó. Owó kòkó ló kọ́ Ilé Kòkó n'Íbàdàn, 1965 ni wọ́n ṣí i. Nígbà tí kòkó kọjá 10,000 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan lọ́dún 2024, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe kéèkì náà mọ̀ ọ́n lápò. Àwọn tó ń lọ kòkó nílé níbí wà, ẹ wá wọn kàn.

Àdùkẹ́ Yábàá:
Òótọ́ lẹ sọ, bàbá. Ó tiẹ̀ kan kéèkì yìí ju béèyàn ṣe rò lọ. Oríṣi kòkó lẹ́búlẹ́bú méjì ló wà. Ọ̀kan, bí wọ́n ṣe lọ̀ ọ́ náà ló wà, ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ó kan díẹ̀ lẹ́nu. Èkejì, wọ́n ti fi èròjà bíi káún pa kíkan ẹ̀, ọ̀dọ̀ ìdílé Van Houten ní Holland ni ọgbọ́n ẹ̀ ti jáde. Òun ló máa ń dúdú kirikiri. Béékìn sódà ló máa ń gbé kéèkì yìí wú, nǹkan kíkan ló sì máa ń jí sódà. Bẹ́ ẹ bá lo dúdú yẹn láìsí nǹkan kíkan mìíràn, kéèkì á pẹlẹbẹ, á tún máa ṣe bí ọṣẹ lẹ́nu.

Ìyá Ìbejì Lawanson:
Háà! Ọṣẹ yẹn gan-an ni àbúrò mi sọ pé òun gbọ́ nínú tirẹ̀. Kí wá ni nǹkan kíkan tí a máa lò? Ìwé tó wà lọ́wọ́ mi ní buttermilk, ìyẹn mílíìkì kíkan, mi ò rí i rà.

Àdùkẹ́ Yábàá:
Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí ìjẹun kan sínú kọ́ọ̀pù, ẹ da mílíìkì kún un, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á dì díẹ̀díẹ̀. Ó ti dé nìyẹn. Kọ́ọ̀pù kan yẹn lẹ máa fi po fúláwà kọ́ọ̀pù méjì, kòkó ààbọ̀ kọ́ọ̀pù, ṣúgà kọ́ọ̀pù kan, bọ́tà ààbọ̀ kọ́ọ̀pù, ẹyin kan, sódà ṣíbí tíì kan àti iyọ̀ díẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ki, kó má ṣàn. Ẹ bù ú sórí bébà, kẹ́ ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn dáadáa, torí ó máa ń tàn.

Àbẹ̀kẹ́ Múṣin:
Nónò àwọn Fúlàní náà ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì, má bínú sí mi, ó máa wọná!

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀búté Mẹ́ta:
Ìyẹn ò burú, ìyàwó. O ti ń gbọ́ràn.

Ọmọ Ìta Fájì:
Àwa tá ò ní ófúùnù ńkọ́? Ìkòkò oníyanrìn nìyá mi ń lò, ó sì máa ń jinná.

Tọ́lá Ìdí-Òrò:
Ìkòkò oníyanrìn fún kéèkì yìí? Mi ò gbà. 180 lórí òǹkà Sẹ́síọ́ọ̀sì ló fẹ́, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí méjìlá. Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé yanrìn ti dé 180?

Ọmọ Ìta Fájì:
Ìyá mi máa ń wọ́n fúláwà díẹ̀ sórí abọ́ inú ẹ̀, kó dé e. Tó bá pọ́n láìdúdú, ó ti yá. Kí la fẹ́ fi òǹkà ṣe?

Tọ́lá Ìdí-Òrò:
Mélòó ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan?

Ọmọ Ìta Fájì:
Mẹ́rin.

Tọ́lá Ìdí-Òrò:
Mẹ́rin, ìyẹn whoopie pie méjì. Ẹ máa jókòó tì í di ọ̀la, gáàsì á tán.

Ọmọ Ìta Fájì:
Èédú la fi ń dá a. Ófúùnù onígáàsì tiyín kì í jó ìdí kéèkì ni?

Bọ̀dá Ṣómólú:
Ìbéèrè gidi nìyẹn! Tìyàwó mi máa ń jóná nídìí, orí ẹ̀ á sì tutù.

Tọ́lá Ìdí-Òrò:
Ìsàlẹ̀ ni iná wọn ti ń jáde, ó di dandan. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n fi tíréè méjì lé ara wọn, kí wọ́n sì gbé e sí àgbékà òkè. Kò ní jóná mọ́. Mi ò sọ pé ìkòkò ò dáa o, mo ní kò yá ni.

Adùnní Bàríga:
Ìkòkò oníyanrìn ni mo fi bẹ̀rẹ̀ òwò yìí, Tọ́lá. Ẹ má fojú tín-ín-rín ẹ̀. Iyọ̀ tiẹ̀ dáa ju yanrìn lọ, kò léruku.

Ìyá Ìbejì Lawanson:
Ọ̀rá funfun yẹn ni mi ò tíì mọ̀. Níbo ni mo ti lè rí i rà ní díẹ̀díẹ̀? Páálí ńlá ni wọ́n ní kí n rà níbi tí mo ti béèrè.

Alhaja Òkè-Arin:
Wá sọ́dọ̀ wa ní Òkè-Arin, ọmọ mi. Bí o bá wọ̀ ọ́ láti Ìdúmọ̀tà, béèrè ìlà àwọn tó ń ta èlò oníbúrẹ́dì, wọ́n máa ń wọn ọ̀rá, kòkó àti sódà fún èèyàn. Àárọ̀ ni kó o wá, kí èrò tó pọ̀. Wo kòkó náà dáadáa kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, bù ú lá. Kó o sì mú ike olómorí dání fún ọ̀rá, inú nylon ò ní gbé e dé Lawanson.